Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Lomé pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àkọsílẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlá

Kí n tó gbéra

Ọdún 1979 ni wọ́n bí mi sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ka ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ wọn sí ọmọ onílùú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983 ni wọ́n yí òfin náà padà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni bàbá àti ìyá mi. Gẹ́gẹ́ bí abala 25 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ṣe wí, ọmọ Nàìjíríà ni èmi náà, ṣùgbọ́n n kò gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rí, n kò sì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN tí wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó fúnni. Lẹ́nu ibodè, ìwé ọwọ́ ẹni ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo jẹ́ ní gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ ròyìn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni mo sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin.

Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 74, ló fẹ́ ìrìn-àjò náà. Wọ́n fẹ́ fojú kan Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, níbi tí ìyá-ìyá wọn ti ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fẹ́ lọ kí àbúrò wọn obìnrin tó fi Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, ṣe ilé. Pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé ló wà lọ́wọ́ tiwọn, wọn kò sì nílò físà kankan. Oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ọdún tí wọ́n bí mi gan-an, ni àwọn olórí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Èmi gba mẹ́ta.

Ti Nàìjíríà ni mo kọ́kọ́ gbà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2025 ni wọ́n ti gbé físà náà sórí ayélujára, tí fọ́ọ̀mù orí ayélujára sì rọ́pò káàdì pélébé tí a máa ń kọ nínú bàálù. Ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí mo bá ti lè jáde ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan péré, físà náà ti tán nìyẹn. Ìdí tí mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé mi láti Lomé padà sí Lọ́ńdọ̀nù nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí, kí ó yanjú ọ̀rọ̀ físà kí ó tó fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì.

Orí ayélujára náà ni ti Bẹ̀nẹ̀: 50 yúrò fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, 75 yúrò fún ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, 100 yúrò fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo mú èyí tó kéré jù. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ti Tógò, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìrìn-àjò ni ó yẹ kí ènìyàn ti béèrè. Ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni èmi tún mú níbẹ̀.

Ó ku yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọdún 2009 ni mo gba tèmi, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó parí ní 2019. Ṣùgbọ́n láti oṣù Keje 2016, òfin ìlera àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, ó sì kan àwọn káàdì àtijọ́ pẹ̀lú. Orúkọ bàbá mi ni ó wà lórí káàdì náà, orúkọ ọkọ mi ni ó wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Nítorí náà mo mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó mi dání. Ẹni tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́, kí ó tètè lọ, nítorí ìwé ẹ̀rí náà kì í fìdí múlẹ̀ títí ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un.

Ọjọ́ kìíní: Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá 2025

Bàálù gúnlẹ̀ sí Ìkẹjà ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n wo físà mi, wọ́n béèrè ibi tí mo ń gbé, wọ́n lu òǹtẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ti wà níta pẹ̀lú mọ́tò, a sì sun Èkó.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta: Ìjẹ̀bú-Òde

Màmá se ìkọ́kọrẹ́, mo jẹ ẹ́ títí mo fi sùn lórí àga. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, mo sì tẹ gbogbo físà mi jáde ní ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta, ní ọgọ́rùn-ún náírà ojú ìwé kan. Owó tí mo ná tó wúlò jù lọ nínú gbogbo ìrìn-àjò náà nìyí, nítorí ibi tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sí, ìwé inú fóònù kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ní alẹ́, Màmá kó àwọn ìwé náà sórí itan, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní: "Gbogbo èyí nítorí àti lọ sí Àjàṣẹ́? Ìyá-ìyá mi a máa fi ẹsẹ̀ lọ, wọn a tún fi ọkọ̀ ojú omi bọ̀." N kò rí èsì fọ̀ sí i.

Ọjọ́ kẹrin: Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Aago márùn-ún ìdájí ni a kúrò nílé. Ní Mile 2, a wọ ọkọ̀ akérò tí ó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, èrò mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú. Ọ̀nà náà dán títí dé ìtòsí Òkókómáíkò, lẹ́yìn ìyẹn ni ihò bẹ̀rẹ̀, ti Àgbárà sí Àgbádárìgì sì burú débi pé awakọ̀ fi ojú ọ̀nà sílẹ̀, ó ń gba etí igbó. Mo ka ibi tí wọ́n ti dá wa dúró títí dé mọ́kànlélógún, mo wá dẹ́kun kíkà.

Obìnrin kan tí ń ta ìrẹsì jókòó tì wá, ọmọ Àgbádárìgì, tí ó gbọ́ Ègùn, Yorùbá àti Faransé. Bí ó ṣe rí pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ búlúù lọ́wọ́ mi ni ó fà mí létí: "Àǹtí, àwọn awakọ̀ yìí máa ń kó gbogbo èrò kọjá lẹ́ẹ̀kan ni. Ìyẹn kò pa àwa tí a ń lọ tí a ń bọ̀ lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ gba òǹtẹ̀ yín." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pinnu láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Sẹ̀mẹ̀ kún fọ́fọ́. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ni wọ́n jọ ń lo ilé ńlá tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2018, nítorí náà ojú kan náà ni ènìyàn ti ń jáde ní Nàìjíríà tí ó sì tún ń wọ Bẹ̀nẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo tò, wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde sínú ìwé mi. Èmi àti Màmá ń wá ibi tí ó kàn nígbà tí awakọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Ó ní òun yóò fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wa nínú bùútù. Ó ní òǹtẹ̀ tí wọ́n ti lù fún mi náà ni gbogbo rẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán, tí Màmá ti ń fi ọwọ́ di ìbàdí mú, mo gbà á gbọ́.

Mo ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà sí 38,000 sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣẹ́ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ mìíràn gbà wá ní 1,000 sẹ́fà ẹnìkọ̀ọ̀kan dé Àjàṣẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé ilé àlejò kan tí àwọn arábìnrin ìjọ Àgùdà ń tọ́jú. Ibẹ̀ ni mo ti ṣí pásípọ́ọ̀tù mi lábẹ́ iná, tí mo rí i pé mo ti jáde ní Nàìjíríà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n n kò wọ ibi kankan.

Ọjọ́ karùn-ún: Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kọkànlá

N kò sùn. Físà mi wà, mo ti sanwó rẹ̀, síbẹ̀ ìwé kò fi hàn níbìkankan pé ẹnubodè ni mo gbà wọlé. Bí n bá forí lé Tógò bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde fún mi yóò béèrè èyí tí mo fi wọlé. Nàìjíríà náà kò sì ní gbà mí padà, nítorí físà tibẹ̀ ti tán.

Ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà níwájú ilé náà rí ojú mi, wọ́n sì béèrè ohun tó ṣe mí ní Yorùbá tí ó dùn létí, tí ó fi díẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n pe ọmọ wọn kan tí ń gun zémìjàn, ọ̀kadà ibẹ̀, wọ́n ní: "Gbé àǹtí rẹ lọ sí Sẹ̀mẹ̀, dúró dè wọ́n, kí o sì gbé wọn padà. Má gba ju ìdajì owó lọ." Wọ́n ní kí Màmá wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn títí n óò fi dé.

Àwọn ímígíréṣọ̀n tí mo bá níbẹ̀ fetí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tí irun wọn ti funfun, gbọ́ Yorùbá. Wọ́n gba físà tí mo tẹ̀ jáde, wọ́n fi ẹ̀rọ wo àmì orí rẹ̀, wọ́n wo òǹtẹ̀ ìjáde ti àná, wọ́n sì béèrè ibi tí mo sùn. Mo fi ìwé ilé àlejò hàn. Wọ́n bá mi wí díẹ̀ bí bàbá ṣe ń bá ọmọ wí, wọ́n sì lu òǹtẹ̀. Wọn kò béèrè kọ́bọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí pẹ̀lú ìwé irú tèmi lọ́wọ́, òǹtẹ̀ méjì ni ó wà ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan: ìjáde níbi tí ẹ ti ń bọ̀, ìwọlé níbi tí ẹ ń lọ. Ẹ má kúrò lójú kan náà títí ẹ óò fi fi ojú ara yín rí méjèèjì, kí ẹ sì ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Bí awakọ̀ bá fẹ́ lọ, ẹ gba ẹrù yín, kí ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ọjọ́ kẹfà: Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Ìyá ẹlẹ́kọ àná kò jẹ́ kí a jẹun níbòmíràn. Àkàsà, ẹja díndín àti ata gbígbóná ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún wa, wọ́n sì kọ owó. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ní àwọn yóò bá Màmá wá agboolé ìyá-ìyá wọn.

A kọjá mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1912 sí 1935 ní àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, nítorí pé àwọn kọ́lékọ́lé tó ti Brazil padà wálé ni wọ́n mú ọgbọ́n ìkọ́lé náà bọ̀. Màmá dúró tì í fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ìyá-ìyá wọn máa ń sọ̀rọ̀ nípa mọ́sálásí kan tó ní ilé ìṣọ́ méjì níwájú, àwọn kò sì gbà á gbọ́ nígbà náà pé mọ́sálásí lè rí bẹ́ẹ̀.

A kò rí agboolé náà. Àdúgbò tí Màmá dárúkọ ti di ilé alájà àti ṣọ́ọ̀bù fóònù. Ṣùgbọ́n bàbá kan tí ń rán aṣọ ní ìkángun òpópónà náà rántí pé àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú máa ń pàtẹ aṣọ níbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ó sì na ọwọ́ sí ibẹ̀. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n sì dúró sójú ibi tó nà sí. Èmi fà sẹ́yìn díẹ̀.

Ọjọ́ keje: Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kọkànlá

A gba Kútọnu kọjá lọ sí Ouidah, ìlú etíkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sí òkè òkun láyé àtijọ́. Awakọ̀ wa rọ̀ wá pé kí a gòkè lọ sí ọgbà ẹranko Pendjari ní àríwá. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ pé kí ọmọ ilẹ̀ wọn má dé agbègbè náà nítorí àwọn agbésùnmọ̀mí, bí ènìyàn bá sì tàpá sí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀, owó ìdójútòfò ìrìn-àjò tí ó san lè di asán. Ẹ ka ìkìlọ̀ náà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì tún un kà lójú ọ̀nà, nítorí ó máa ń yí padà.

Ní etíkun Ouidah, Màmá kò fẹ́ sún mọ́ omi. A jókòó sábẹ́ igi àgbọn, a mu omi àgbọn ní 300 sẹ́fà ẹyọ kan, a kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ: Ẹtì, 14 Oṣù Kọkànlá

Ọkọ̀ láti Kútọnu dé Hillacondji, ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, gba 3,500 sẹ́fà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà náà dára, ó ń gba àárín òkun àti ọ̀sà lọ, àwọn ọmọdé sì ń na ẹja yíyan sí wa ní fèrèsé.

Ní ẹnubodè yìí mo lọ́ra, mo sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn kọjá mi. Wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde Bẹ̀nẹ̀, mo kà á. Ní ìhà Tógò, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wo yẹ́lò káàdì rí 2019, ó sì mi orí. Ó ní káàdì ti kú. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Faransé mi kò tó. Màmá ló lọ pe nọ́ọ̀sì kan nínú yàrá kejì; kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó wo káàdì náà, ó wo èmi náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, inú èyí tí mo ti gbọ́ "à vie", ìyẹn ni pé títí ọjọ́ ayé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé orúkọ yàtọ̀, mo fa ìwé ìgbéyàwó yọ, ó sì parí síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gba ogójì ìṣẹ́jú. Màmá fi pásípọ́ọ̀tù tiwọn hàn, wọ́n sì kọjá kí n tó ká ìwé mi tán.

Ẹ rántí pé aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ọkọ̀ tí a bá ṣe àdéhùn ní agogo mẹ́ta kò pẹ́. Àwa ni a tètè dé.

Ọjọ́ kẹsàn-án àti ìkẹwàá: Lomé

Àǹtí wa ń gbé ní ìtòsí Anagokomé. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, àdúgbò àwọn Ànàgó sì ni orúkọ náà túmọ̀ sí. A jẹ fùfú pẹ̀lú ọbẹ̀ àdémè tó yọ̀ bí ewédú. Àwọn ìyá méjèèjì sọ̀rọ̀ di òru, wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó ti kú, wọ́n ń bú sẹ́kún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Àìkú ni orúnkún Màmá wú. Ìrìn Àjàṣẹ́ ti pọ̀ jù. Dókítà kan ní àdúgbò fún wọn lóògùn, ó ní wọ́n lè wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dá lọ. Ètò wa tẹ́lẹ̀ ni pé kí Màmá bá ọkọ̀ ńlá padà sí Èkó, kí èmi sì wọ bàálù ní ọjọ́ kejì. Mo wo pásípọ́ọ̀tù mi. Físà Bẹ̀nẹ̀ ti tán, ti Nàìjíríà ti tán, bí mo bá sì jáde ní Tógò, n kò ní lè padà wọlé wá wọ bàálù mi.

Níhìn-ín ni mo ti rántí 75 yúrò. Yúrò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni mo fi pamọ́. Ká ní mo san án, tí mo sì gba ti Tógò ní ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà, ǹ bá mú Màmá dé Àjàṣẹ́, ǹ bá sùn tì wọ́n, ǹ bá sì padà ní òwúrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àgbàlagbà rìn, ẹ gba físà tí ó lè lọ, tí ó sì lè bọ̀.

Ọjọ́ kọkànlá: Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá

Ọmọ àǹtí wa, ẹni ọdún 22, gbà láti mú Màmá dé ilé. Ọmọ Tógò ni, ìwé tirẹ̀ náà kò nílò físà. Mo bá wọn dé Hillacondji, mo sì gbé àpò Màmá dé ibi tí ọlọ́pàá kan ti fi ọwọ́ dá mi dúró. Ó béèrè bóyá mo ń jáde. Mo ní rárá.

Màmá gbà àpò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún ọmọ náà. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú gbogbo èrò, wọ́n sì ṣàdúrà pé ọ̀nà kò ní nà mí. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹsẹ̀ tí ń dùn wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀ títí n kò fi rí gèlè wọn mọ́.

Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán ti Lomé, Màmá pè. Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni wọn yóò sùn. Wọ́n ní orúnkún ti fúyẹ́, wọ́n sì gbé fóònù fún ìyá náà, ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti jẹun.